Ọ̀dà wo ni àwọn ará Jàpáàn kùn sára àwọn Maru tí wọ́n sọ di ọkọ̀ ogun?

Akunọ̀dà Àjàṣẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Iṣẹ́ ọ̀dà mọ́tò ni mò ń ṣe nítòsí ọjà Ouando, níbí ní Àjàṣẹ́. Bí mọ́tò bá forí gbá nǹkan, tí wọ́n ti lu irin rẹ̀ tọ́ padà, èmi ni wọ́n máa ń gbé e wá bá kí n po àwọ̀ tó bá a mu. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ojú mi mọ àwọ̀. Ohun tó gbé mi wá síbí ló ju ojú mi lọ.

Àbúrò ìyàwó mi tó wà ní Kétu ń ṣe géèmù ogun ojú omi kan sórí kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe géèmù ìbọn yíyìn wàràwàrà o. Ti ìrònú ni, bí ayò ọlọ́pọ́n: wàá kó ọkọ̀ rẹ jọ, wàá rán wọn níṣẹ́, ọ̀tá á sì máa wá wọn kiri. Ogun Àgbáyé Kejì ló dá lé, Òkun Pàsífíìkì àti Òkun Íńdíà, láti 1941 sí 1945. Òun ló ń ṣe ìṣírò, èmi ló ní kí n ya ọkọ̀ kí n sì kùn wọ́n. Àwọn ọkọ̀ ogun gidi ò yọ mí lẹ́nu, àwòrán wọn pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Àwọn tó ń dà mí láàmú ni àwọn ọkọ̀ akérù àti ọkọ̀ èrò tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Jàpáàn gbà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ni wọ́n, tí wọ́n gbé àgbá lé lórí, tí wọ́n sì rán lọ sójú ogun. Maru, Maru, Maru ni orúkọ gbogbo wọn parí sí. Mẹ́jọ ló wà lọ́rùn mi. Aikoku Maru àti Hokoku Maru ló ṣe pàtàkì jù.

Mo wá Aikoku Maru lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú àwòrán kìíní, àwọ̀ eérú ni. Nínú èkejì, ó gbé ìlà dúdú àti funfun gàdàgbà káàkiri ara bí ẹni pé ọmọdé ló kùn ún. Ẹ̀kẹta, ẹnì kan ti fi kọ̀ǹpútà pa á láwọ̀, ó ní búlúù ni. Ẹ̀kẹrin, àwọ̀ ewé. Ọkọ̀ kan ṣoṣo! Mo bá fi ìbínú mú eérú, mo kùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Nígbà tí àna mi rí i, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ iléèwé lẹ tò síbí yìí àbí ọkọ̀?" Ó ní kí n fa ìlà sí gbogbo wọn lára bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà.

Ohun tí kò yé mi nìyí. Tó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ pamọ́ ni, kí ni ìlà funfun ń wá níbẹ̀? Mo lọ jókòó sẹ́bàá ọ̀sà lọ́jọ́ Sunday, mò ń wo ọkọ̀ àwọn apẹja. Èyí tí wọ́n kùn ní oríṣiríṣi ni ojú mi kọ́kọ́ ń bá, kì í ṣe èyí tí pákó rẹ̀ ṣú. Àna mi sì fẹ́ kí ọkọ̀ tó bá ti gba ọ̀dà bẹ́ẹ̀ di ohun tí ọ̀tá ò ní rí àfi tó bá dé ìdajì ibi tí ì bá ti rí i. Ọkàn mi ò gbà á. Ẹ gbà mí o.

Ayò Kò Tán

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn fa ìlà sí i jàre. Ta ló máa mọ̀? Nínú géèmù tí èmi ń ta, kò sí ọkọ̀ Jàpáàn tí kò ní ìlà.

Tíṣà Kétu

Akunọ̀dà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kí àna yín, ó ṣeé ṣe ká mọ ara wa. Ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níbí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ogun sì ti di àìsàn sí mi lára láti kékeré.

Ayò Kò Tán, àbúrò mi, ẹni tó ṣe géèmù tìrẹ ló fa ìlà yẹn, kì í ṣe Jàpáàn. Eérú ni ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n eérú ọ̀hún náà ò dọ́gba. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Jàpáàn ní ibùdó ńláńlá tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ tí wọ́n sì ti ń tún un ṣe: Kure, Sasebo, Yokosuka, Maizuru. Ibùdó kọ̀ọ̀kan ló ń po eérú tirẹ̀. Títí dòní, àwọn tó ń to ọkọ̀ ìṣeré kéékèèké máa ń ra eérú Kure lọ́tọ̀, eérú Sasebo lọ́tọ̀. Èyí ò ní ṣàjèjì sí ẹ̀yin: ṣé funfun Toyota ni funfun Peugeot ni?

Ọ̀rọ̀ ìlà wá kù. Àwọn tí wọ́n fa ìlà fún ò pọ̀. Aikoku Maru àti Hokoku Maru wà nínú wọn, ní 1942, lásìkò tí wọ́n ń lo Singapore bí ibùdó. Nítorí náà àwòrán kejì yín kò parọ́. Ní òkun àríwá tó tutù, níbi àwọn erékùṣù Aleutian, wọ́n kùn ọkọ̀ ogun méjì, Kiso àti Tama, ní ìkùn àràbarà lọ́dún yẹn kan náà. Ìwọ̀nba bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ béèrè pé kí ni ìlà funfun ń wá níbẹ̀. Ìbéèrè tó dára gan-an ni, torí pé kò wá fi ọkọ̀ pamọ́ rárá. Ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó jẹ́ ayàwòrán, Norman Wilkinson, ló mú àbá yẹn wá ní 1917, nínú ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Ọkọ̀ abẹ́ omi kì í ju tọ̀pídò, bọ́ǹbù tó ń gba inú omi lọ, sí ibi tí ọkọ̀ wà. Ibi tí ọkọ̀ máa dé nígbà tí tọ̀pídò bá dé ló ń jù ú sí, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ òkò sí ẹyẹ tó ń fò. Ọ̀gá ọkọ̀ abẹ́ omi gbọ́dọ̀ wo inú awò rẹ̀ kó fojú díwọ̀n nǹkan mẹ́ta: báwo ni ọkọ̀ yẹn ṣe jìnnà tó, báwo ló ṣe ń yára tó, ibo ni imú rẹ̀ kọ sí. Ìlà gàdàgbà yẹn wà láti ba ìdíwọ̀n kẹta jẹ́. Ó máa rò pé iwájú lò ń lọ, nígbà tó o ti ń yà sọ́tùn-ún. Ó máa pe ìdí ọkọ̀ ní imú. Kí ó ṣì í díẹ̀ ti tó, tọ̀pídò á gba ẹ̀yìn rẹ kọjá.

Nígbà tó fi máa di 1944, ọkọ̀ abẹ́ omi Amẹ́ríkà ti ń jẹ ọkọ̀ akérù Jàpáàn run, wọ́n sì ti gbé àwọ̀ ewé dé. Oríṣi méjì, èyí tó mọ́ àti èyí tó ṣú. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Wọ́n kùn án sára àwọn ọkọ̀ tí bàálù ń gbéra lórí wọn pàápàá, Zuikaku àti Zuiho, àwọn tí wọ́n rì ní October 25, 1944 nítòsí Cape Engaño ní Philippines. Lára Zuikaku, wọ́n fi ewé tó ṣú ya òjìji ọkọ̀ akérù sórí ewé tó mọ́, kí ẹni tó bá ń wò ó láti inú omi lè rò pé ọkọ̀ akérù lásán ni. Ní 1942, ọkọ̀ akérù ń wọ ẹ̀wù ọkọ̀ ogun. Ní 1944, ọkọ̀ ogun ń wọ ẹ̀wù ọkọ̀ akérù. Ará Kétu ni mí, mo ti rí i tí ọkùnrin onírùngbọ̀n de ọmú igi mọ́ àyà, tó gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde bí ìyá ọlọ́mọ. Èyí ò lè yà mí lẹ́nu.

Ẹ ṣọ́ra fún ọdún o. Hokoku Maru kò rí 1943. November 11, 1942, òun àti Aikoku Maru pàdé ọkọ̀ agbépo Dutch kan tó ń jẹ́ Ondina ní Òkun Íńdíà, pẹ̀lú Bengal, ọkọ̀ ogun kékeré ti Íńdíà tó ń sìn ín lọ. Ondina ní àgbá ńlá kan. Bengal ní kan. Àwọn Maru méjèèjì, ẹyọ kan wọn tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tọ́ọ̀nù, àgbá ńláńlá kún orí wọn. Ọta kan ba Hokoku Maru níbi tó lóró, iná ràn, ó bú gbàmù, ó sì rì. Bengal àti Ondina padà délé. Fún ìdí yìí, ẹni tó bá kùn Hokoku Maru ní ewé ti 1944, òkú ló ń wọṣọ fún. Aikoku Maru ní tirẹ̀ rì ní Truk, ibùdó Jàpáàn kan ní Òkun Pàsífíìkì, nígbà tí bàálù Amẹ́ríkà ya bò ó ní February 17, 1944.

Ìyá Onífọ́tò, Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ ṣeun, Tíṣà. Akunọ̀dà, ẹ gbàgbé àwòrán kẹta yẹn, ẹni tó fi kọ̀ǹpútà pa á láwọ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ nǹkan kan, àbá ló ń dá.

Ilé fọ́tò la jogún nílé wa. Bàbá mi àgbà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, bàbá mi gbà á, ó wá kàn mí. Nínú àpótí kan, fọ́tò ìgbéyàwó ìyá mi àgbà wà níbẹ̀. Aṣọ pupa fòò ni wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n sọ ọ́ fún wa títí wọ́n fi kú. Bí ẹ bá wo fọ́tò yẹn, ẹ máa rò pé opó ni wọ́n, aṣọ dú bí èédú. Irú fíìmù kan wà láyé àtijọ́ tí kì í rí pupa. Ohun tó bá pupa, dúdú ló máa gbé e jáde. Ohun tó bá jẹ́ búlúù, á mọ́ bíi funfun. Ìdí nìyẹn tí bàbá mi àgbà fi lè tan iná pupa nínú yàrá òkùnkùn tí fíìmù ò sì bàjẹ́. Irú kejì tún wà tó ń rí gbogbo àwọ̀, ṣùgbọ́n eérú náà ló máa kó gbogbo wọn sí.

Nítorí náà, tí ẹ bá rí ọkọ̀ tó ní ibi dúdú àti ibi funfun nínú fọ́tò 1942, ẹ má ṣe sọ pé dúdú àti funfun ni wọ́n kùn. Eérú tó ṣú àti eérú tó mọ́ lè jáde bẹ́ẹ̀ tí oòrùn bá le. Ẹ má wá àwọ̀ nínú rẹ̀. Ibi tí ìṣú ti pàdé ìmọ́ ni kí ẹ tọ̀, ìlà yẹn ò lè parọ́. Ẹ sì wo ibi tí oòrùn ti ń wá kí ẹ tó gba nǹkankan gbọ́, torí mo ti rí ẹni tó ka òjìji òpó mọ́ ọ̀dà.

Baba Atúkọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjíròrò. Èmi ò mọ géèmù. Ọdún 19 ni mo fi ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ akérù láti Kútọnù, ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, ìpẹtà ni mò ń ha, ọ̀dà ni mò ń kùn. Tí mo bá rí àwòrán ọkọ̀ tó mọ́ rekete láti imú dé ìdí, mo máa ń rẹ́rìn-ín ni.

Akunọ̀dà, mọ́tò rẹ ń sùn sí gáréèjì. Ọkọ̀ kì í sùn kúrò nínú iyọ̀. Lábẹ́ ihò tí ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró ti ń jáde, ìpẹtà á ti ṣàn wálẹ̀ bí omi ata kí oṣù tó parí. Ibi tí ọkọ̀ ti ń fara nu èbúté, ọ̀dà á bó. Bí o bá sì ń tún un kùn lójú omi, ohun tó wà nínú àgbá ọ̀dà lo máa lò, kì í ṣe ohun tí ọ̀gá kọ sínú ìwé. Mo ti rí ọkọ̀ wa ní eérú mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, kò sì sí ogun kankan.

Sọ fún àna rẹ pé ìdajì tó sọ yẹn, irọ́ ni. Lójú òkun, kì í ṣe ọ̀dà lo kọ́kọ́ máa rí. Èéfín ni. Ọkọ̀ tó ń jó èédú, o ti mọ̀ pé ó ń bọ̀ kí o tó rí ohunkóhun lára rẹ̀. Lẹ́yìn èéfín, orí òpó ló máa yọ, torí ara ọkọ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ níbi tí sánmà ti pàdé omi. Ìgbà tí ọ̀dà bá fi máa wọnú ọ̀rọ̀, ẹ ti ríra yín tipẹ́. Lóru, ìfófò omi tó funfun níwájú ọkọ̀ ló ń tú u fó. Bó o kùn ún ní dúdú kirikiri, tó bá ń sáré, ìfófò á fi í hàn. Kó rọra lọ ló lè yọ ọ́.

Tíṣà Kétu

Bàbá, ẹ ṣé púpọ̀. Ẹ ti yọ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Àwọn Amẹ́ríkà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé tí wọ́n ṣe fún àwọn ológun wọn láti dá ọkọ̀ akérù Jàpáàn mọ̀, tí wọ́n ń pè ní ONI 208-J, kò gbára lé ọ̀dà. Òpó àti ihò èéfín ni wọ́n ń tò láti imú dé ìdí, bí ẹni ń ka sílébù. O lè kùn ọkọ̀ lóru kan, ṣùgbọ́n o ò lè gbé òpó rẹ̀ kúrò bẹ́ẹ̀.

Akunọ̀dà, ẹ bá mi sọ fún àna yín pé kó má ṣe fi ọ̀dà dín ibi tí ojú ọ̀tá dé kù. Kó jẹ́ kí ọ̀tá rí i, kó wá ṣì í mọ̀. Ìlà 1942, kó ba ìdíwọ̀n ibi tí imú ọkọ̀ kọ sí jẹ́. Ewé 1944, kó jẹ́ kí ọ̀tá pè é ní ohun tí kò jẹ́. Àwọn kan ò tiẹ̀ nílò ọ̀dà kankan. Ọkọ̀ apẹja kékeré kan, Nitto Maru ẹlẹ́kẹtàlélógún, wà lójú òkun ní April 18, 1942, ó ń ṣọ́nà fún àwọn ọmọ ogun ojú omi Jàpáàn. Òun ló rí àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó ń gbé bàálù Doolittle, ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà kan, bọ̀ wá ju bọ́ǹbù sí Tokyo, ó sì fi rédíò kéde wọn. Bàálù 16 ọ̀hún ní láti gbéra níbi tó jìnnà ju èyí tí wọ́n pinnu lọ. Ọkọ̀ ogun Nashville yin ọta tó ju 900 lọ kó tó rì í. Ọkọ̀ apẹja o!

Ẹyọ kan péré kí n tó lọ múra kíláàsì: Jámánì náà yá ẹ̀wù Jàpáàn wọ̀. Ní 1940, ọkọ̀ ogun wọn kan, Atlantis, ń rìn kiri lórúkọ Kasii Maru, nígbà tí Jàpáàn kò tíì bá ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọ̀tá Jámánì jà. Wọ́n mú atukọ̀ kan wọṣọ obìnrin, ó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ-ọwọ́ kiri lókè ọkọ̀.

Ayò Kò Tán

Ọmọ-ọwọ́ wà nínú kẹ̀kẹ́ ọ̀hún? 😂 Ó dáa, mo ti gbọ́ ti ìlà. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn ńkọ́? Ṣé mo lè kó sójà sínú rẹ̀ nínú géèmù yín? Kò sẹ́ni tó máa yìn ín.

Tíṣà Kétu

Funfun ni wọ́n ń kùn ún, pẹ̀lú ìgbànú àwọ̀ ewé yípo ara rẹ̀ àti àgbélébùú pupa. Àdéhùn Hague ti 1907 ló là á sílẹ̀. Hikawa Maru ṣe ọkọ̀ ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀, ó la ogun já, ó ṣì wà ní èbúté Yokohama, àwọn èèyàn ń lọ wò ó. Ohun tí ò ń gbèrò yẹn, wọ́n ti dán an wò. Tachibana Maru, August 1945: ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà dá a dúró, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá sójà tó ju 1,500 lọ tí wọ́n wọṣọ aláìsàn, pẹ̀lú ìbọn nínú àpótí tí wọ́n fi àmì àgbélébùú pupa sí. Tí àna Akunọ̀dà bá gbà ọ́ láyè, kó jẹ́ kí o sanwó rẹ̀: láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti mú ọ, kí ọ̀tá máa dá gbogbo ọkọ̀ funfun rẹ dúró.

Akunọ̀dà Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun o. Bàbá Atúkọ̀, omi ata yẹn ò kúrò lójú mi mọ́. Mo ti fi sí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lábẹ́ ihò ìdákọ̀ró, àna mi sì rò pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí lánàá. Mo gba iwájú Mọ́sáláṣí Ńlá kọjá. Ẹni tó bá mọ Àjàṣẹ́ mọ ilé yẹn, aláràbarà, táwọn ọmọ Aguda fi ọgbọ́n Bàràsíìlì kọ́. Nítòsí, òdòdó tí wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀ ò lóǹkà, àwọ̀ kò lóǹkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ti ṣá wọn. Mo wá yísẹ̀ padà, mo ń wò ó bí mo ṣe ń jìnnà. Àwọn àwọ̀ kéékèèké ló kọ́kọ́ kú. Wọ́n yọ́ mọ́ra wọn, wọ́n di àwọ̀ kan tó rí bíi yẹ̀pẹ̀. Ọwọ̀n tó nípọn nìkan ló ṣẹ́kù sójú mi. Ibẹ̀ ló ti yé mi: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo ń fà tẹ́lẹ̀, nínú awò ọkọ̀ abẹ́ omi, eérú lásán ló máa dà. Ìdí rèé tí tiwọn fi gbòòrò tó bẹ́ẹ̀, tí òmíràn gba láti ẹnu omi dé òkè ọkọ̀. Mo ti pa gbogbo ìlà abilà rẹ́.

Ibi tí mo bá a dé nìyí. Aikoku Maru ní aṣọ méjì, eérú àti ìlà 1942, eérú méjì tí mo pò fúnra mi, kò sí funfun kankan níbẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ Ìyá Ṣábẹ̀ẹ́. Hokoku Maru bákan náà, a ò sì ní jẹ́ kó rí ewé láéláé. Àwọn mẹ́fà yòókù, eérú wọn ò dọ́gba, mo da búlúù díẹ̀ sí méjì, mo da dúdú díẹ̀ sí méjì. Àwọ̀ ewé á ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá ta géèmù dé 1944 tí ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì rì.

Ìyá, ṣé ẹ lè wo eérú méjèèjì bá mi tí mo bá fi àwòrán ránṣẹ́? Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe máa rí nínú fíìmù bàbá yín àgbà.

Ìyá Onífọ́tò, Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ fi ránṣẹ́. Kí ẹ yà á lábẹ́ oòrùn o, ẹ má lo iná gáréèjì.

Ayò Kò Tán

Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ni géèmù máa jáde?

Akunọ̀dà Àjàṣẹ́

Bi àna mi. Ó ti fi ìṣìnà tí Tíṣà sọ sínú ìṣírò rẹ̀, ó sì dà bíi pé ó ti dà á jù. Láti àárọ̀, kò sí ọkọ̀ abẹ́ omi tó yin tọ̀pídò ba nǹkankan. Ọ̀kan yin tirẹ̀ lu erékùṣù.